Òrùka Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pè Ní Irọ́

Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe pé kò ṣe é rí o, kò kàn ní gbà ni. Bí omi bá dànù lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ tó sè, ahọ́n àwa tí a jẹ ẹ́ ni kò mọ adùn. Ó mú mi lọ sí ilé ìwé ní Sátidé kan, a bá géètì ní títì pa, ó ní àwọn olùkọ́ ló pẹ́. A dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Èmi ni àbúrò, mo sì ti gba kámú pé ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ni í máa ń ni òtítọ́.

Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ kọ nǹkan nípa ayé òun, ó ní kí n ṣọ́ra, kí n kọ ọ́ dáadáa, nítorí ojú mi kò tó tòun. Kò parọ́ níbẹ̀. Aránṣọ ni mí, ojú mi ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ mi ò lè bá a du ojú. Níbi iṣẹ́ wọn, Olójú-Àṣá ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí o bá pe èyí tí bàbá wa sọ ọ́, ó lè má dáhùn.

Káfíńtà ni bàbá wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tó ń bá pákó sọ̀rọ̀ ju bó ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Èmi kì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí eruku pákó a máa mú mi sín títí orí á fi fọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni kì í kúrò níbẹ̀. Bí bàbá wa bá ti fi ayùn gé orí pákó, á he èyí tó já bọ́, á máa fi èékánná ka àwọn òbìrìkítí inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí àárín. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó lè wo pákó méjì kó sọ fún ọ bóyá igi kan náà ni wọ́n ti wá. Bàbá wa a máa dá àwọn oníbàárà dúró kó lè fi í yangàn. Wọ́n á da pákó rú, ẹ̀gbọ́n mi á sì tún un tò bó ṣe wà. N kò rántí ọjọ́ kan tó tàsé, òun náà kò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Àpótí aṣọ tó bá kàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í dún. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra àga tí ilé iṣẹ́ ńlá ti ṣe sílẹ̀, bàbá wa darúgbó, ṣọ́ọ̀bù sì tì pa. Ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ méjì nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, ó ń tún gbogbo ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Obìnrin kan tó ti ra àpótí lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé ilé ìwádìí kan ń wá ẹni tó lè gé igi wẹ́wẹ́. Àwọn mẹ́ta tó jáde ilé ìwé gíga ti gbìyànjú ẹ̀, wọ́n kàn ń fọ́ igi náà ni. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà, bàbá àgbà kan tó ní irùngbọ̀n funfun, fún un ní abẹ àti pákó tóóró kan tí kò ju rúlà lọ. Ó gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá síwájú rẹ̀, ó ní kó gé òrùka kan fún òun. Òrùka ni wọ́n ń pe òbìrìkítí inú igi, ọ̀kan fún ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé èwo. Bàbá náà ní èyí tó bá wù ú. Kí bàbá tó mu tíì rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi ti gé mẹ́wàá, ó sì tò wọ́n sórí ìwé lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo bi í léèrè kí ni wọ́n ń fi igi tí a gé bí irun ṣe. Ó ní oòrùn ni wọ́n ń wá. Mo ní ṣé oòrùn sọnù ni.

Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní nínú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, irú kábọ́ọ̀nù kan wà, ọmọ ìyá ohun tó wà nínú èédú, àmọ́ ó wúwo díẹ̀ ju àwọn yòókù, ó sì ṣọ̀wọ́n. Ìtànṣán tó ń ti ọ̀nà jíjìn réré láàárín àwọn ìràwọ̀ wá ló ń dá a sílẹ̀ lókè. Igi a máa fà á símú, a sì máa tọ́jú ti ọdún kọ̀ọ̀kan sínú òrùka ọdún náà, kì í da ti èṣí pọ̀ mọ́ ti ọdún yìí. Bí oòrùn bá wà nínú agbára rẹ̀, á máa ti ìtànṣán wọ̀nyẹn sẹ́yìn, kábọ́ọ̀nù náà á sì dínkù. Bí oòrùn bá ń sinmi, kábọ́ọ̀nù á pọ̀ sí i. Oòrùn a máa lágbára, a sì máa rọlẹ̀, ní bí ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá. Ẹni tó bá gé òrùka igi lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì wọn kábọ́ọ̀nù inú wọn, yóò mọ bí oòrùn ti ṣe ní ayé ìgbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo ní ó dáa, bí oòrùn náà bá ń gba ìsinmi, èmi tí mò ń ránṣọ láti Ọjọ́ Ajé dé Sátidé ńkọ́? Ó ní kí n máa rán aṣọ mi.

Mo ti dé yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí èmi ni mò ń rán ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń wọ̀ síṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà lábẹ́ fèrèsé, iná kan tó tẹ ọrùn, awò, ike omi tó fi ń rin igi kó lè rọ̀, àti abẹ tí kò gbọdọ̀ lò ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Lórí igi, á fi pẹ́ńsù ṣe àmì kan sí òrùka kẹwàá kọ̀ọ̀kan, àmì méjì sí àádọ́ta, àmì mẹ́ta sí ọgọ́rùn-ún. Pẹ́ńsù náà kì í kan ibi tí abẹ fẹ́ gbà. Kò gbọdọ̀ pa ìpara sọ́wọ́, nítorí ìpara ní kábọ́ọ̀nù tirẹ̀, èyí tó lè lọ dàpọ̀ mọ́ ti igi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ obìnrin lòun dì mú níjọ́ tí àwọn ṣègbéyàwó, pákó lòun ń dì mú báyìí. Bó ṣe ń sọ ọ́ náà ló ń dì í mú.

Igi tí mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìjì ló dà á. Etí ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ti ṣubú, gbogbo wa la mọ ọdún náà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ gbé ìsọ̀ oníwèé ìròyìn kan dìde. Ilé ìwádìí gé abala kan nínú rẹ̀, róbótó, tó fẹ̀ tó tábìlì tí ènìyàn mẹ́fà lè jẹun lórí rẹ̀. Òrùka inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀gbọ́n mi gé pákó tóóró kan nínú abala náà láti èèpo dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí igi ṣubú, ó sì ń padà sẹ́yìn, òrùka kan, ìgò kékeré kan. Ọdún méje ló fi ṣe é. Láàárín ọdún méje náà, ọmọ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílé, bàbá onírùngbọ̀n fẹ̀yìn tì, ọ̀gá tuntun dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ. Ọjọ́ tó gé èyí tó kẹ́yìn, ó ra bàtà tuntun, ó wọ̀ ọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó rìn lọ rìn bọ̀ títí mo fi bi í pé kí ló dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ nìyí. Ọdún kan wà láyé àtijọ́ tí oòrùn bú jáde lójijì. Èyí kì í ṣe ti ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn fúnra rẹ̀ ló tu ìtànṣán tirẹ̀ lu ayé, kábọ́ọ̀nù náà sì fò sókè nínú gbogbo igi tó wà láyé lọ́dún kan náà. Àwọn ilé ìwádìí tó wà lókè òkun ti rí i nínú igi tiwọn, ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo wọn pè. Nínú igi tiwa, ó fi ọdún kan pẹ́.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni ọdún kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀ pé igi kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí ọdún kan bá yẹ̀, kò sí ẹni tó lè gba èyí tó kù gbọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn kábọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ nítorí pé ó ń kẹ́ ẹ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan náà ló ń bọ́ sí. Fún oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ tí wọ́n ń tò ó padà. Níkẹyìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bóyá igi náà ló ní àbùkù. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun á fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn á sì yọ igi tiwa kúrò. Ọdún méje ẹ̀gbọ́n mi á wọ inú páálí lọ, páálí á wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní kí wọ́n tún òrùka kà. Olójú-Àṣá ló kúkú kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ó wá sílé mi. Mò ń kan síìpù mọ́ aṣọ lọ́wọ́, mo kó abẹ́rẹ́ olórí sẹ́nu. Ó jókòó lórí ìdì aṣọ, kò bú ìránṣọ mi, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "Ìlà kan wà tí mi ò yí ká."

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Nígbà mìíràn, bí ọ̀dá bá mú láàárín ọdún tí òjò sì tún wá rọ̀, igi á dá iṣẹ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Èyí á fa ìlà dúdú kan tó jọ òrùka, àmọ́ kì í ṣe òrùka, wọ́n ń pè é ní òrùka irọ́. Ojúlówó òrùka, etí rẹ̀ tó kọjú síta a máa mú ṣáká. Ti irọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á máa ṣe bàìbàì. Bàbá onírùngbọ̀n ti kọ́ ọ pé ìlà tó bá fi ojú ṣeré, kó má ṣe dá a lẹ́jọ́ lójú kan, kó tẹ̀ lé e yí igi ká, nítorí òtítọ́ lè fara pamọ́ lápá kan kó sì hàn lápá kejì. Gbogbo ìlà tó fi ojú ṣeré nínú igi náà ló yí ká, àyàfi ọ̀kan. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn àlejò kan wá wo ilé ìwádìí. Wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ń yin ojú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ táì fi ìka sún mọ́ awò, ó ní ìlà yìí ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ wò ó dáadáa, ó ní irọ́ ni, ẹ má dá a lóhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí i ká. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ lójú èèyàn. Ó gé e pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, ó kó ọdún méjì sínú ìgò kan, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi dà sílẹ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò rí bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ló pè ní irọ́, tó sì lé lọ. Ó dìde, ó ní òun ń lọ. Mo dì í lápá mú, mo bẹ̀ ẹ́, ó tún jókòó.

Ó ní, "Bí mo bá dákẹ́, igi ni wọ́n á dá lẹ́bi. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé mélòó ló tún kù tí mo pè ní irọ́. Wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ mọ́."

Ẹ̀rù ń bà á. Mi ò rí i kí ẹ̀rù bà á rí, àti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Mo wá rí i pé ohun tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ yìí, òun ló gbé gbogbo ara rẹ̀ lé.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá rán apá òsì mọ́ ibi ọ̀tún, ṣé aṣọ ni mo máa jù nù? Màá tú u ni. Ẹ lọ tú u."

Ó ní igi kì í ṣe aṣọ. Ó bá tirẹ̀ lọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọkọ rẹ̀ sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tú ilẹ̀kùn ilé ìdáná àwọn tó sì tún un kàn, ilẹ̀kùn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀wù funfun tuntun lọ fún wọn. Ìyá Ẹ̀rọ gun àpótí, mò ń fi abẹ́rẹ́ mú etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń ka iṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn wọlé, òun àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni wọ́n jọ gbé abala igi náà, odindi ohun tó kù nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì. Ẹ̀ṣọ́ náà nu òógùn, kò sì lọ.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Igi náà ò lábùkù. Èmi ni mo ṣì í."

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Ìgbà tó wá dé, kò rí bí mo ṣe rò ó. Omi ló lé sí mi lójú. Orí mi wú nítorí ẹ̀gbọ́n mi, ju ọjọ́kọ́jọ́ tó to pákó lójú àwọn oníbàárà bàbá wa lọ.

Ó fi awò sórí òrùka irinwó ó lé méjìlá, níbi tó ti gé e láyé ọjọ́un, ó jẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìlà náà, bàìbàì ni lóòótọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó ń sún awò, ó ń fi abẹ́rẹ́ kan gún ibi tó dé, ó ń sún un lọ. Ó yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí tirẹ̀ tán. Ó yí ìdá kan nínú mẹ́rin igi náà, ìlà ṣì ṣe bàìbàì. Ó dé ìdajì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó kúrò nídìí awò, ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó pẹ́. Ìyá Ẹ̀rọ náà wò ó. Wọn ò pè mí, àmọ́ mo lọ wò ó. Ìlà dúdú méjì ni mo rí, etí wọn mú ṣáká, láàárín wọn ni igi fẹ́lẹ́ kan tí kò ju òwú ìránṣọ lọ. Ọdún ọ̀dá ni, ẹ̀gbọ́n mi ní, igi náà ò rí oúnjẹ tó kárí ara, ó bá fún ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹ. Níbi tó ti rí jẹ, ó kọ ọdún náà sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, ẹ̀rín ẹni tí ẹrù bọ́ lórí rẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpótí tí Ìyá Ẹ̀rọ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Mà, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá ẹ̀rọ jà."

Ìyá Ẹ̀rọ ti sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, tòun ti ẹ̀wù tí abẹ́rẹ́ kún etí rẹ̀, wọ́n ń gún un, kò dá wọn lóhùn. Gbogbo ìgò tó wà lẹ́yìn òrùka náà, tó lé ní ẹgbẹ̀ta, ló fi ọdún kan sún sẹ́yìn. Ó fà á lórí kọ̀ǹpútà, ìlà tiwa pupa, ti òkè òkun búlúù. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, òkè pupa àti òkè búlúù máa ń gbún ara wọn ní ìgbọ̀nwọ́ láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn. Wọ́n wá bá ara wọn mu gẹ́lẹ́, agbára oòrùn àti ìrọlẹ̀ rẹ̀, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ọdún tí oòrùn bú jáde bọ́ sórí ti gbogbo ayé. Ẹ̀ṣọ́ géètì bi mí léèrè kí ni gbogbo èyí túmọ̀ sí. Mo ní igi wa ti dé ibi iṣẹ́ lásìkò.

Ohun kan ló kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé òrùka fẹ́lẹ́ náà níbi tó ti hàn, kí wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, kí ó lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé abẹ tuntun fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn gé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ta ni ẹlòmíràn?"

Ó gé e. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ó ní láti kó díẹ̀ díẹ̀ jọ títí tó fi tó wọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Òrùka náà jókòó sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn ará ilé rẹ̀ bí ẹni tí kò kúrò nílé rí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó jó ní ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má sáré.

Ẹ má rò pé ìwà rẹ̀ yí padà o. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló sọ fún mi pé síìpù tí mo kàn wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń tún iṣẹ́ náà kọ, ó kà á fún un, ó ti fi ọgbọ́n kọ ọ́ pé òrùka kan ti fara pamọ́ fún wọn. Ó rò pé òun ń bo àṣírí rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òrùka ò fara pamọ́, òun ni òun ò wá a. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó gé igi ò yí ìlà náà ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò pọn dandan. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ bí wọ́n bá fi ewé bo ojú kòtò náà ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wí. Iṣẹ́ náà jáde, igi wa wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́ láti ìlú òkèèrè, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti bá a túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé òun náà ni òun ń gé igi níbi iṣẹ́ àwọn, ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ní òun ka ibi tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun ò yí ìlà kan ká. Ó ní òun náà ní ọ̀kan. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí òun ti mọ̀, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyàwó òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun dúró di ìgbà tí gbogbo èèyàn jáde lọ jẹun, òun gbé igi náà, òun yí i ká, òrùka sì wà níbẹ̀. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní, kí ẹ̀gbọ́n mi jọ̀ọ́ dá òun lóhùn. Nígbà tí ẹ sọ fún ọ̀gá yín, kí ni ọ̀gá yín ṣe?

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé bébà wá. Mo fa ọ̀kan ya lára èyí tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un bí òun náà ti ṣe, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tún fún mi ní abẹ. Ẹ lọ sọ fún tiyín lọ́la, kí ẹ má jẹ́ kó di ọ̀tunla."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣe é ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ó sì ní kí n sin òun dé ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó tì.